Ojú-ìwé ayẹyẹ lórí ìkànnì: èyí tó yẹ kí oníṣòwò tì àti èyí tó yẹ kó ṣí sílẹ̀

Kò sí ẹni tó ń ṣòwò ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Wọn ò rí káàdì ìpè gbà, wọn ò mọ ọkọ, wọn ò mọ ìyàwó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ ìlù báyìí ni wọ́n ti yà síbẹ̀. Ìrẹsì tí alásè sè fún igba èèyàn kò ní í ká èèyàn tó wá mọ́, ẹni tó ni ìnáwó á máa bínú sí alásè, alásè á máa ṣàlàyé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n tẹ káàdì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹni tí kò bá mú un dání kò ní í wọlé, àwọn olówó Èkó tiẹ̀ ń gba géńdé sẹ́nu ọ̀nà.

Ní báyìí, káàdì ọ̀hún ti ń kúrò lọ́wọ́, ó ti ń bọ́ sínú fóònù. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ, àwọn alásè, àwọn tó ń yá èèyàn ní àga àti kánópì, títí dórí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àtàwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ló ń ní ìkànnì tiwọn lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọjọ́, àkókò àti àdírẹ́sì ayẹyẹ tó ń bọ̀ síta. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì wà nìyẹn. Ojú-ìwé orí ìkànnì kò ní géńdé lẹ́nu ọ̀nà, àfi téèyàn bá fi í síbẹ̀. Ẹni tó wà ní Ara lè kà á, ẹni tó wà ní Kano lè kà á, ẹni tó ń wá ilé tí kò ní í sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé náà lè kà á pẹ̀lú.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dá a dúró ni pé kí ìkànnì náà kọ́kọ́ béèrè ẹni téèyàn jẹ́ kó tó jẹ́ kó rí ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á forúkọ sílẹ̀, wọn á fún un ní páswọ́ọ̀dù tàbí kó yan tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá tẹ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù náà, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, àkọlé lásán ló máa rí, tàbí kó má rí nǹkan kan rárá. Létí, ó dùn. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó ń dá mo-gbọ́-mo-yà dúró náà ló ń dá oníbàárà tuntun dúró, oníṣòwò tó bá sì ti gbogbo ojú-ìwé rẹ̀ pa lè máa retí kí fóònù òun dún títí tílẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú bí Ara gan-an. Ara wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Awo sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Kò tóbi bí Òṣogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òkìkí Ẹdẹ tó wà nítòsí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹdẹ yìí ní Federal Polytechnic, ó ní Yunifásítì Adeleke, ó tún ní Yunifásítì Redeemer's. Àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń gbéyàwó, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, wọ́n ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́yege, wọn kì í sì í fẹsẹ̀ wá alásè kiri bíi tàwọn òbí wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Ọmọ bíbí Ara tó wà ní Èkó tàbí London, tó fẹ́ wá sin ìyá rẹ̀ nílé, orí fóònù náà ni yóò ti wá ẹni tí yóò yá a ní kánópì kó tó wọ mọ́tò tàbí kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Nítorí náà, oríṣi èèyàn méjì ló ń wá sórí ìkànnì oníṣòwò tó wà ní Ara. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó ń wá ẹni tóun lè gbé iṣẹ́ fún. Èkejì ni àlejò tí oníbàárà kan pè, tó kàn fẹ́ mọ ibi tóun máa gbà débẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ rí kò jọra rárá, ojú-ìwé kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ń fi dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ mo-gbọ́-mo-yà orí ayélujára, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Haren, lórílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́jọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2012. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí ọdún 16 rẹ̀. Ó gbé ìpè sórí Facebook fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yàn án pé àwọn tóun pè nìkan ni kó rí i. Ẹnìkan rí i, ó pe ẹlòmíì, ẹlòmíì pe tiẹ̀. Kó tó dọjọ́ náà, nǹkan bí 30,000 èèyàn ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n yọ ìpè náà kúrò, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ẹlòmíì ti ṣe òmíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Project X, orúkọ fíìmù kan tó jáde lọ́dún yẹn. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ ọ̀hún, láàárín 3,000 sí 5,000 èèyàn ló ya wọ ìlú kékeré náà. Wọ́n kọjú ìjà sáwọn ọlọ́pàá, wọ́n dáná sun mọ́tò, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó ọjà inú rẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tí Job Cohen, ẹni tó ti ṣe olórí ìlú Amsterdam rí, ṣe alága rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lóṣù kẹta ọdún 2013, olórí ìlú Haren kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù, ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn nílùú yẹn kò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ìbí. Wọ́n kàn ń ta ọjà wọn jẹ́ẹ́jẹ́ ni.

Kò dìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ rìn wá kó tó ba òde jẹ́. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, orí Zoom ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣe ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsìn òkú, ibẹ̀ náà làwọn ìjọ ti ń gbàdúrà. Àwọn kan gbé líǹkì ìpàdé wọn sí ojútáyé, àwọn tí wọn ò pè sì ń já wọlé, wọ́n ń bú èèyàn, wọ́n ń fi àwòrán ìhòòhò hàn láàárín ìsìn. Ó burú débi pé iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ lópin oṣù kẹta ọdún náà. Láti ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, Zoom fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi páswọ́ọ̀dù sí ìpàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi í sí i, wọ́n sì ṣe yàrá ìdúródè kan tí àlejò máa wà títí tí ẹni tó pè é á fi ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tó ti ń jẹ́ àṣàyàn tẹ́lẹ̀ wá di òfin ilé wọn.

Ọ̀kan tún wà tó yẹ kó kọ́ gbogbo oníṣòwò lọ́gbọ́n ju méjèèjì yìí lọ. Lóṣù kejì ọdún 2020 kan náà, akọ̀ròyìn kan ní Jámánì ṣàwárí pé líǹkì tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ WhatsApp ti wà lórí Google, ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wá a lè rí i, kó tẹ̀ ẹ́, kó sì wọlé. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà rò pé àárín àwọn nìkan ni líǹkì yẹn wà. Ẹnìkan nínú wọn ló gbé e síbi tó ṣí sílẹ̀, Google sì bá a níbẹ̀. Ohun tí èèyàn fi pa mọ́ yàtọ̀ sí ohun tó tì. Owó tó wà lábẹ́ ẹní, èèyàn fi pa mọ́ ni. Èyí tó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló tì. Ọ̀pọ̀ ojú-ìwé ayẹyẹ táwọn èèyàn ń pè ní "ti àwa nìkan" ló jẹ́ pé abẹ́ ẹní ló wà. Wọn ò fi líǹkì rẹ̀ sí iwájú ìkànnì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní líǹkì náà, ibi yòówù kó ti rí i, á wọlé láìsí ẹni tó bi í léèrè.

Èyí táwọn tó ń bá èèyàn ṣe ìkànnì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé títì náà ń náni lówó. Ẹ̀rọ tí Google fi ń ka ìkànnì káàkiri ayé kì í forúkọ sílẹ̀, kò sì ní páswọ́ọ̀dù. Ojú-ìwé tó bá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè kà á, bí kò bá sì lè kà á, kò ní í fi han ẹni tó ń wá "alásè nítòsí Ẹdẹ." Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2023, Twitter, tó ti ń jẹ́ X báyìí, sọ pé ẹni tí kò bá tíì wọlé pẹ̀lú àkáǹtì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ka ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Elon Musk tó ni ín sọ pé àwọn iléeṣẹ́ kan ń kó ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ lọ́pọ̀ yanturu. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi líǹkì Twitter ránṣẹ́ sí tí kò ní àkáǹtì, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì ló ń bá pàdé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dẹ ọwọ́ sí i, kí èèyàn lè rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n dìídì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí iléeṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè fara da ilẹ̀kùn títì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń yá èèyàn ní igba àga ní Ara ní láti rò ó dáadáa.

Détà náà tún wà níbẹ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó kún owó ìpè àti détà, tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń fi détà tó wọ́n wo ìkànnì, tí wọ́n ní kó kọ orúkọ, kó kọ ímeèlì, kó lọ ṣí ímeèlì náà, kó tẹ líǹkì mìíràn, kó tó mọ iye tí wọ́n ń yá kánópì, kò ní í ṣe é tán. Á tẹ̀ síwájú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ iye tiẹ̀ sí ìta. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tún wá ń ṣe ségesège lọ́jọ́ yẹn, kò tiẹ̀ ní í dúró dé ibi orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ayẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé ṣíṣí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló ń pa owó wọlé fún wọn. Ọ̀jùdé Ọba tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá kò ní ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá lẹ́nu àti dígí lójú, lọ káàkiri ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ ayẹyẹ náà rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí ti ọdún tó tẹ̀ lé e máa bọ́ sí. Ọ̀ṣun Òṣogbo náà nìyẹn, tí igbó rẹ̀ ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ láti ọdún 2005. Èèyàn kò lè ní kí àlejò láti Brazil kọ́kọ́ tẹ páswọ́ọ̀dù kó tó mọ ọjọ́ tí Arugbá máa jáde. Ìlú tó bá ń ṣe àjọ̀dún tirẹ̀, tó sì fẹ́ kí wọ́n wá náwó níbẹ̀, kó ṣí ojú-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó dá owó fún àjọ̀dún náà ni kó tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí nìyí: títì tàbí ṣíṣí kọ́ ni ìbéèrè náà, bí kò ṣe ibi tí èèyàn máa fi ilẹ̀kùn sí. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń dáná fún ìnáwó ní Ara, tó tún ń yá èèyàn ní àga àti kánópì, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan fún 250 èèyàn, ní ₦3,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦875,000 nìyẹn. Ká ní oníbàárà rẹ̀ ní kó gbé ayẹyẹ náà sórí ìkànnì kí àwọn àlejò lè rí i, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ síta gbangba, tí 60 mo-gbọ́-mo-yà wá kún un. Oúnjẹ ₦210,000 ni wọ́n jẹ yẹn. Oníbàárà á ní òun ò pè wọ́n, alásè á ní ìkòkò òun ò mọ ẹni tí wọ́n pè yàtọ̀ sí ẹni tí wọn ò pè, àárín àwọn méjèèjì lèrè oṣù náà á gbà lọ.

Ohun tó yẹ kó wà níta lójú-ìwé obìnrin yìí ni orúkọ òwò rẹ̀, ìlú tó wà, nọ́ńbà fóònù tó fi ń ṣòwò, àwòrán kánópì àti àga rẹ̀, oríṣi oúnjẹ tó ń sè, iye tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, àti àwọn Sátidé tí kò tíì sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́, kó kọ ọ́ pé "ọjọ́ yìí ti kún." Kò sídìí láti kọ orúkọ ẹni tó gbà á síbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa kọ orúkọ èèyàn ńlá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún, pé ó ń buyì kún òwò. Lóòótọ́ ló ń buyì kún un, àmọ́ tó bá jẹ́ pé kí ayẹyẹ náà tó wáyé ni, àwọn ajínigbé náà mọ̀wé kà. Ẹ̀yìn ayẹyẹ lèèyàn ń fi irú ẹ̀ yangàn.

Ohun tó yẹ kó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni àkókò ayẹyẹ, àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdána, orúkọ àwọn tí wọ́n pè, ibi tí kálukú máa jókòó, nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí, àti ní pàtàkì, nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń san owó aṣọ ẹbí sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí léwu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Gbájúẹ̀ kò nílò ju kó da ojú-ìwé náà kọ bó ṣe wà, kó yí nọ́ńbà àkáǹtì nìkan padà, kó sì pín in fáwọn ẹbí lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó wà ní Amẹ́ríkà á sanwó, á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le, bí èèyàn bá mọ ohun tó ń yàn. WordPress, tó ti wà láti ọdún 2003, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré sì fi ń ṣe ìkànnì, máa ń fi nǹkan mẹ́ta siwájú ẹni tó bá fẹ́ gbé ojú-ìwé síta: kí gbogbo ayé rí i, kí ó ní páswọ́ọ̀dù, tàbí kó jẹ́ "Private." Orúkọ ìkẹta yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ó dún bí ohun tí àlejò tí wọ́n pè lè rí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń bójú tó ìkànnì náà nìkan ló wà fún. Oníṣòwò tó bá yàn án á ti gbogbo àlejò síta. Èyí tó ní páswọ́ọ̀dù ló bá ayẹyẹ ọlọ́jọ́ kan mu jù: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, wọ́n á kọ ọ́ sára káàdì ìpè, gbogbo àlejò á máa lò ó, kò sẹ́ni tó máa forúkọ sílẹ̀. Eventbrite, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún ayẹyẹ tí kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Kí kálukú ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ dára fún ohun tó ń wáyé léraléra. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù, tàbí ẹgbẹ́ oníṣòwò tó ń gbé àkọsílẹ̀ owó sójú-ìwé ìpàdé rẹ̀, ló yẹ kó ṣe é, torí bí ẹnìkan bá kúrò lẹ́gbẹ́, wọ́n lè pa ti onítọ̀hún nìkan rẹ́ láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Àwọn tí kò ní ìkànnì, tó jẹ́ WhatsApp ni wọ́n ń lò, náà ní ọ̀nà tiwọn. Láti ọdún 2023 ni alága ẹgbẹ́ ti lè yàn án pé ẹni tó bá tẹ líǹkì gbọ́dọ̀ dúró kí òun fọwọ́ sí i kó tó wọlé. Ó sì tún lè sọ líǹkì àtijọ́ di òkú, kó ṣe tuntun, bó bá fura pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ.

Ihò kan wà lára ògiri tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Bí èèyàn bá ti ojú-ìwé pa, àwòrán káàdì ìpè tó gbé síbẹ̀ lè má tì. Lórí WordPress, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní líǹkì tiẹ̀, ẹni tó bá ní líǹkì náà á rí àwòrán náà láìtẹ páswọ́ọ̀dù kankan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́, ọjọ́, àkókò, àdírẹ́sì, ló wà lára káàdì ọ̀hún. Kí wọ́n kọ wọ́n bí ọ̀rọ̀ sínú ojú-ìwé tí wọ́n tì, kí wọ́n má gbé káàdì síbẹ̀. Ìkejì ni nọ́ńbà. Àwọn ìkànnì kan ń fún ayẹyẹ ní nọ́ńbà tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé nínú líǹkì. Ẹni tí wọ́n pè sí ayẹyẹ 41 lè fi ọwọ́ yí i sí 42, kó wo ti ẹlòmíì. Kí oníṣòwò ní kí ẹni tó ń ṣe ìkànnì fún un dán an wò lójú rẹ̀, kó tó san owó tó kù.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí oníṣòwò yá fóònù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò wọlé sórí ìkànnì náà rí, kó fi líǹkì ayẹyẹ náà ránṣẹ́ sí i, kó wo ohun tó máa jáde. Lórí fóònù tirẹ̀, ilẹ̀kùn á máa ṣí fún un nítorí pé ó ti wọlé tẹ́lẹ̀, á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ayé, tàbí kó rò pé ó ti tì nígbà tí kò tì.

Ẹni tó bá ní kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ ti gba ẹrù kan rù. Lọ́jọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni ní Nàìjíríà, òfin náà ló sì dá àjọ NDPC tó ń bójú tó o sílẹ̀. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀ ni òfin náà kà sí àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò gbọ́dọ̀ gba ju ohun tó nílò lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tó sì lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, wákàtí 72 ni òfin fún un láti fi tó àjọ náà létí. Ní ti owó ìtanràn, àwọn iléeṣẹ́ tí òfin kà sí ńlá lè san ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn yòókù, ₦2 mílíọ̀nù ni, tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kan náà, èyí tó bá pọ̀ jù. ₦2 mílíọ̀nù kì í ṣe owó ṣeréṣeré fún ẹni tó ń yá àga.

Alásè tó fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń bọ̀ kò nílò ju orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lọ. Kò nílò ọjọ́ orí, kò nílò ilé ìgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ronú kan NIN tàbí BVN. Ìkànnì tó bá ń béèrè BVN lọ́wọ́ àlejò ìgbéyàwó, kí àlejò náà sá. Bí ayẹyẹ bá sì ti kọjá, kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ èèyàn, olè ò lè jí i.

Lójú ẹni tó ti ń ṣòwò yìí pẹ́, kò sí ilẹ̀kùn orí ayélujára tó lè gbapò ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Àlejò tí wọ́n fún ní páswọ́ọ̀dù lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kó gbé e sí ojú àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ohun tí ilẹ̀kùn náà ń ṣe ni pé ó ń dín wọn kù, ó sì ń fún oníṣòwò ní àkọsílẹ̀ tó lè tẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, kó fi lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì. Orúkọ tó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n gé tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ fún un. Ti ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ẹbí ni kí wọ́n pè wá dá a mọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ alásè.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá àwọn lè gbé àwòrán díẹ̀ síta. Bó bá gbà, kí wọ́n yan èyí tó fi kánópì, tábìlì àti oúnjẹ hàn, kí wọ́n yọ àdírẹ́sì ilé kúrò, kí wọ́n sì gbé e síta níbi tí kò ti sí páswọ́ọ̀dù kankan. Ìgbà yẹn ni kí Google wá kà á.